Òjó ni, kì í ṣe òjò

Aago mẹ́rin ìdájí ni fóònù mi dún. Àbúrò mi Sylvestre ló ń pè láti ilé ìgbẹ̀bí, níbí ní Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, ohùn ẹ̀ ń gbọ̀n, ó ní ìyàwó òun ti sọ̀ kalẹ̀ o, obìnrin ni, tìyá tọmọ wà láyọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ kọ́kọ́ jáde kò ké, torí ó gbé ìwọ́ kọ́rùn, ìlọ́po méjì, agbẹ̀bí ló yára tú u kó tó di pé ó han.

Mo ní kó tún un sọ. Ó ní, "Ìwọ́ ni, ẹ̀gbọ́n mi, ó wé mọ́ ọn lọ́rùn lẹ́ẹ̀mejì." Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí sunkún nìyẹn. Sylvestre rò pé ẹ̀rù ló bà mí, ó ń pẹ̀tù sí mi nínú, ó ń sọ pé ọmọ ti dáa, ọmọ ti mu ọyàn, mi ò sì rí ọ̀rọ̀ fi dá a lóhùn. Kì í ṣe ẹ̀rù. Òjó ni orúkọ ìdílé wa.

Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá dáadáa ti mọ ibi tí mo ń lọ. Amútọ̀runwá ni Òjó. Ọmọkùnrin tó bá gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé, Òjó ni, obìnrin tó bá wá bẹ́ẹ̀, Àìná ni (níbòmíì ọkùnrin náà máa ń jẹ́ Àìná). Kò sẹ́ni tó ń jókòó rò ó, bàbá ò mú un, ìyá ò mú un, ọmọ ló ń gbé e bọ̀ fúnra ẹ̀, bí Ìgè ṣe ń fẹsẹ̀ wá, tí Àjàyí ń dojú bolẹ̀ wá, tí Dàda ń mú irun ẹ̀ bọ̀ látọ̀run ní títa kókó. Nínú ẹbí wa, látìgbà tí mo ti gbọ́njú, àwọn tó ń jẹ́ Òjó lé ní ogójì, ọkùnrin, obìnrin, àgbà, ọmọdé, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú wa tó gbé ìwọ́ kọ́rùn wá. Ẹni tó ni orúkọ náà gan-an ni bàbá tó bí bàbá bàbá mi.

Ìtàn tí wọ́n sọ fún wa nílé ni mo máa sọ. Ní 1886 ni àwọn ọmọ ogun Dahomey fọ́ Kétu, wọ́n sun ìlú, wọ́n kó àwọn èèyàn lọ sí Abomey, àwọn tó lè sá sá. Àkàbà Ìdènà tó wà ní ẹnu ọ̀nà ìlú títí dòní, tí àwọn àlejò máa ń ya fọ́tò ẹ̀, ó ṣojú ẹ̀. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun ọba Béhanzin làwọn tó kù láyé tó bẹ̀rẹ̀ sí padà wálé, ní nǹkan bíi 1894, tí wọ́n tún ìlú tẹ̀ dó, tí wọ́n tún fi Alákétu jọba. Ìyá tó bí bàbá ńlá wa yìí wà nínú àwọn tó ń padà bọ̀ yẹn, oyún ló gbé dání, ọ̀nà ló bí i sí. Torí náà bàbá yìí ní orúkọ mẹ́ta kó tó tó ọmọ ọjọ́ kan: Òjó torí ìwọ́, Abíọ́nà torí ojú ọ̀nà, Àkànní ni oríkì tí wọ́n fi ń gẹ̀ ẹ́. Ẹ tún un kà: Òjó Abíọ́nà Àkànní. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn ti mọ bó ṣe dé ayé, ó ti mọ ibi tó dé ayé sí, ó sì mọ pé ẹnì kan wà tó ń kì í láàárọ̀. Kò nílò ìwé kankan mọ́.

Ìwé wá dé. Akọ̀wé tó jókòó nídìí tábìlì bi í pé kí lorúkọ ẹ, òun náà sì dáhùn bí gbogbo èèyàn ṣe ń pè é, ó ní Òjó. Wọ́n kọ O-d-j-o. Ó parí. Abíọ́nà ò wọ ìwé, Àkànní ò wọ ìwé, láti ọjọ́ yẹn sì ni orúkọ tó jẹ́ tẹnì kan ṣoṣo, orúkọ tó ń sọ nǹkan tó ṣẹlẹ̀ sí ọrùn ẹnì kan ṣoṣo ní ojúmọ́ kan, ti di ti gbogbo wa. Èmi tí mo forí wá bí gbogbo ọmọ, Òjó ni mí. Obìnrin ni mí, Òjó ni mí.

Nǹkan kan tún wà lórí ọ̀rọ̀ ìwé yẹn tí mo máa ń rò títí. Bàbá bàbá mi, ọmọ Òjó Abíọ́nà, ní carte d'identité (káàdì ìdánimọ̀) kan tí a ṣì ní nílé, ó ti gbó, igun ẹ̀ kan ti já, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé Dahoméen ni. Ọmọ Kétu, tí bàbá ẹ̀ wáyé lójú ọ̀nà nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ látinú ìfọ́ tí Dahomey fọ́ wọn, òun ni wọ́n fún ní orúkọ Dahomey kó máa jẹ́. Ọdún 1975, 30 November, lorílẹ̀-èdè wa tó di Benin. Bàbá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bàbá mi sọ fún wa pé lọ́jọ́ tí wọ́n kéde ẹ̀ lórí rédíò, ẹ̀rín ni bàbá òun rín, ó ní kí wọ́n bá òun gbé ẹmu wá.

Ẹ jẹ́ n padà sórí O-d-j-o yẹn. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ gbìyànjú àtikà á bí ẹni tí ò mọ̀ wá rí. Òjò tó ń rọ̀ ni? Ọjọ́ tí à ń kà ni? Àbí ojo, ẹni tí àyà ẹ̀ máa ń já? Álífábẹ́ẹ̀tì tí Faransé gbé wá ò mọ ọ̀ yàtọ̀ sí o, kò ní àmì ohùn, ṣ wa di ch, u wa di ou, j wa di dj, bẹ́ẹ̀ ni Adéṣínà ṣe di Adéchina, Balógun di Balogoun, Ògúndélé di Ogoundélé. Àwọn ẹbí wa tó wà ní Ìmẹ̀kọ, Kétu kan náà ni wá, Alákétu kan náà la ní, ṣùgbọ́n Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fa ìlà sáàárín wa ní 1889, tiwọn bọ́ sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń kọ Ojo, àwa ń kọ Odjo, ẹni tó bá gbé ìwé wa méjèèjì sójú kan náà á rò pé a ò bára tan rárá.

Mo wà ní kíláàsì kẹta nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọmọkùnrin kan rí orúkọ mi lẹ́yìn ìwé, ó kà á sókè pé "ojo", gbogbo kíláàsì gbà á lẹ́nu ẹ̀. Ọdún kan gbáko ni wọ́n fi pè mí bẹ́ẹ̀. Tí mo bá ṣubú, ojo ni, tí mi ò bá fẹ́ gun igi máńgòrò, ojo ni. Lọ́jọ́ kan mo délé mo bi bàbá mi léèrè pé ṣé lóòótọ́ làwọn bàbá wa jẹ́ ojo. Bàbá mi kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó mú mi jókòó sórí àpótí tó máa ń jókòó sí, ó mú èédú kan látinú àdògán, ó kọ ọ́ sára ògiri fún mi, Ò tí ohùn ẹ̀ lọ sílẹ̀, jó tí ohùn ẹ̀ lọ sókè, ó fa àmì méjèèjì nípọn-nípọn, ó ní kí n máa kà á títí ahọ́n mi á fi mọ́ ọn. Ó ní, "Òjó ni. Kì í ṣe òjò, kì í ṣe ojo. Ẹni tó gbé okùn kọ́rùn tí kò kú ni." Èédú yẹn pẹ́ lára ògiri. Wọ́n kun ilé lẹ́ẹ̀mejì kó tó lọ tán.

Ìdílé wa nìkan kọ́ ló rí báyìí. Ẹ wo orúkọ ìdílé àwọn èèyàn yí ká, láti Kétu dé Pobè dé Sakété wọ Àjàṣẹ́: Adjayi, Igué, Idohou, Dada, Taïwo, Kèhindé. Amútọ̀runwá ni gbogbo ẹ̀. Bàbá ńlá kan wà tó kẹ́yìn ìbejì wáyé, wọ́n pè é ní Ìdòwú, ó gba ìwé, gbogbo àrọ́mọdọ́mọ ẹ̀ wá di Idohou. Àwọn Fọ̀n àti Gùn tá a jọ ń gbé náà ò yọ sílẹ̀, Zinsou tó jẹ́ orúkọ ìbejì lọ́dọ̀ wọn ti di orúkọ ìdílé, ó tilẹ̀ joyè ààrẹ, torí Émile Derlin Zinsou ló ṣèjọba ilẹ̀ yìí láti 1968 sí 1969. Dossou tó jẹ́ Ìdòwú tiwọn náà ńkọ́, ó kún gbogbo ìlú. Kò sì yẹ kó yà wá lẹ́nu pé orúkọ ìbejì pọ̀ tó báyìí, ìwádìí kan tó jáde ní 2011, tó kó orílẹ̀-èdè 76 pọ̀, rí i pé Benin la ti ń bí ìbejì jù nínú gbogbo wọn, nǹkan bíi 28 nínú 1,000 ìbímọ, nígbà tó jẹ́ pé lọ́pọ̀ ibi ní Éṣíà kò tó 10.

Mo mọ ilé kan tó jẹ́ pé Kèhindé ni orúkọ ìdílé wọn. Ìyàwó ilé wá bí ìbejì. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó. Èyí àkọ́kọ́ di Kèhindé Taïwo, èyí èkejì di Kèhindé Kèhindé. Èyí èkejì yẹn máa ń ṣàlàyé títí ní gbogbo ibi tó bá ti gbé ìwé kalẹ̀, wọ́n á ní ó ti kọ orúkọ ìdílé sí ojú orúkọ tiẹ̀, á ní rárá, méjèèjì lòun ń jẹ́. Mo gba tiẹ̀ ju gbogbo wa lọ, torí òun nìkan ni orúkọ ìdílé ẹ̀ bá a mu.

Láyé àwọn bàbá wa, ọmọ ìyá kan náà lè jẹ́ márùn-ún kí orúkọ wọn má bára tan rárá. Fádípẹ̀ lè bí Òjó, kó bí Abíọ́dún, kó bí Málọmọ́ tí wọ́n ń bẹ̀ pé kó má padà sọ́run, kò sẹ́ni tó ń béèrè pé kí ló dé tí wọn ò jẹ́ Fádípẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ọmọ ẹni tí wọ́n jẹ́, ẹ ó béèrè, wọ́n á sì kì ín fún yín. Òfin tó de ọ̀rọ̀ ẹbí ní ilẹ̀ wa, nígbà tó jáde ní 2004, kí wọ́n tó tún un ṣe ní 2021, sọ pé orúkọ ìdílé bàbá lọmọ tí wọ́n bí sínú ìgbéyàwó á máa jẹ́. Mi ò bá òfin jà, ó ní ìwúlò ẹ̀, ó ń jẹ́ ká lè tọpasẹ̀ ogún àti ẹbí. Ohun tó ń dùn mí ni pé ìgbà tí orúkọ ìdílé wọlé, ọ̀pọ̀ wa rò pé ó ti tó, a fi orúkọ kàlẹ́ńdà kún un, a sì gbàgbé láti fún ọmọ ní èyí tó jẹ́ tiẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kàlẹ́ńdà yẹn, èmi gan-an wà lára ẹ̀. Cécile ni mò ń jẹ́ torí pé 22 November ni wọ́n bí mi, ọjọ́ Sainte Cécile. Sylvestre, ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún ni wọ́n bí òun, kò sí ohun tí wọ́n rò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dọ̀ Faransé fúnra wọn, òfin 1803 ló sọ pé orúkọ inú kàlẹ́ńdà àti ti àwọn èèyàn inú ìtàn àtijọ́ nìkan ni wọ́n lè fún ọmọ, ọdún 1993 ni wọ́n tó yọ ọwọ́ òfin kúrò lórí ẹ̀. Àwọn bàbá wa rí i bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ fadá, àwọn náà gbé kàlẹ́ńdà kọ́ ògiri. Mi ò kórìíra Cécile, òun ni ìyá mi fi ń pè mí tí inú ẹ̀ bá dùn, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bí mi ní ọjọ́ kan ṣíwájú, orúkọ mìíràn ni mi ò bá máa jẹ́, kò sì ní yí ohunkóhun padà nínú ìtàn ilé wa.

Àmọ́ ẹ wo ohun tá a fi èdè Faransé ṣe lẹ́yìn ìyẹn. Merveille (ìyanu nìyẹn), Exaucé, Bienvenu, Dieudonné, Espoir, Précieuse. Ẹ wọ ilé ìwé èyíkéyìí ní Àjàṣẹ́ ẹ pe Merveille, ọmọ mẹ́ta á dìde. Lójú tèmi orúkọ Yorùbá ni gbogbo wọn, aṣọ Faransé ni wọ́n wọ̀. Ìyá tó sọ ọmọ ẹ̀ ní Exaucé ń sọ pé mo gbàdúrà, Ọlọ́run gbọ́, bí ìyá ìyá ẹ̀ ṣe máa sọ ọ́ náà nìyẹn. Nǹkan tó ṣẹlẹ̀ ló ń fi sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà làwọn Mùsùlùmí wa ṣe mú Abdul-Rahim tí wọ́n sọ ọ́ di Ràímì, Ibrahim di Bùráímọ̀, tó fi jẹ́ pé lẹ́nu wa báyìí ọmọ ilé ni wọ́n. Àwọn Àgùdà tó ti Bràsíìlì padà wá náà ńkọ́, da Silva, d'Almeida, àti Paraïso, tó túmọ̀ sí párádísè, orúkọ Potogí tó jẹ́ ti ìdílé Mùsùlùmí Yorùbá nílùú yìí. Orúkọ tí olówó ẹrú fi léni ni wọ́n gbé padà wálé tí wọ́n sì sọ di orúkọ iyì.

Èyí tó gbà mí lọ́kàn jù nínú ọ̀rọ̀ Bràsíìlì ni ti àwọn tí kò padà wá. Ní Bahia, ẹ̀ya kan wà nínú ẹ̀sìn òrìṣà wọn tó ń jẹ́ Ketu, Kétu tiwa yìí. Ilé òrìṣà kan wà ní Salvador tí wọ́n ń pè ní Alaketu, ìtàn wọn sọ pé ọmọbìnrin kan láti ìdílé ọba Aro ní Kétu, tí wọ́n kó lẹ́rú, ló dá a sílẹ̀. Maria do Rosário ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún un lọ́hùn-ún. Wọn ò jẹ́ kí Otampê Ojarô tó gbé tilé wá sọnù, wọ́n ṣì ń pè é títí dòní. Nínú ẹ̀sìn yẹn sì rèé, tí ìyàwó òrìṣà bá ti inú ilé jáde, ọjọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní ọjọ́ orunkó, orúkọ wa náà ni. Lọ́jọ́ yẹn òrìṣà tó gùn ún á fò sókè, á ké orúkọ tuntun náà pẹ̀lú gbogbo ohùn lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ìlù á sì bú. Mo rò ó wò, àwọn tí kì í sọ Yorùbá nínú ilé mọ́, wọ́n ń fi igbe pe orúkọ, àwa tá a ń sọ ọ́ láti àárọ̀ dalẹ́, tí wọ́n bá ní ká sọ orúkọ wa níwájú èèyàn, a máa ń rọra sọ Cécile.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọmọ Sylvestre, mo pe ẹ̀gbọ́n bàbá wa ní Kétu, Ìyá Àgbà la máa ń pè wọ́n. Mo sọ ọ̀rọ̀ ìwọ́ fún wọn. Wọ́n dákẹ́ títí tí mo fi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Wọ́n wá ní, "Lẹ́ẹ̀mejì?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n ní, "Kí lẹ tún ń wá kiri? Wọ́n ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, ọmọ yìí ló wolé fúnra ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fún un ní nǹkan kan títí màá fi dé."

Wọ́n dé ní ọjọ́ keje, ẹsẹ̀ wọn ti wú nínú mọ́tò láti Kétu, wọ́n sì gbé ìgò omi kan mọ́ra tí wọn ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni bá wọn gbé. Omi kànga ilé wa ni. Ní ọjọ́ kẹjọ, láàárọ̀ kùtù, oyin, iyọ̀, orógbó, atare wà nínú àwo, ṣùgbọ́n omi yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Wọ́n ti ìka bọ̀ ọ́, wọ́n tọ́ ọ kan ọmọ lẹ́nu, wọ́n fi ẹnu sún mọ́ etí ẹ̀, wọ́n ní "Àìná," wọ́n tún ní "Àìná Òjó," wọ́n wá gbé ohùn sókè tí gbogbo ilé fi gbọ́: "Òjó ò sí ńlé, ọmọ adìẹ dàgbà!" Gbogbo wa mọ oríkì yẹn, ara oríkì Òjó ni, ọmọdé gan-an mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n dúró síbẹ̀, wọ́n wo ọmọ, omijé ti dà sí wọn lójú, wọ́n ní, "Òjó ti délé o. Òjó ti délé." Sylvestre jáde síta. Àṣàkẹ́ ni wọ́n fi ṣe oríkì fún un, ìyá ẹ̀ fi Merveille kún un, torí òun ló rí nǹkan tí ojú òun rí nínú yàrá ìgbẹ̀bí, kò sẹ́ni tó bá a jiyàn.

Nígbà tí acte de naissance, ìwé ẹ̀rí ìbí ọmọ, jáde, ODJO Aina Merveille ni wọ́n kọ síbẹ̀, àmì tóńtó méjì ò sí lórí i. Tí kò bá sí níbẹ̀, Faransé á ka ai pọ̀, á di "Ẹná". Sylvestre padà lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀kíní wọ́n ní ẹ̀rọ ò lè tẹ̀ ẹ́, lẹ́ẹ̀kejì wọ́n ní kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣebí òun náà mọ bó ṣe ń pè é. Lẹ́ẹ̀kẹta ó bá ọ̀dọ́bìnrin kan nídìí kọ̀ǹpútà, ó jókòó tì í, ó sọ ìtàn ìwọ́ fún un láti orí dé ẹsẹ̀. Ọmọbìnrin náà tẹ tóńtó méjèèjì sí i, ó ní ìyá òun náà ń jẹ́ Àìná.

Àìná ti pé ọdún mẹ́rin báyìí, ó ti wà ní maternelle, ilé ìwé jẹ́léósinmi. Lóṣù tó kọjá tíṣà ẹ̀ pe Sylvestre, ó ní kí wọ́n lọ yẹ etí ọmọ wò, torí tí òun bá ń pe orúkọ láàárọ̀ kì í dáhùn, á kàn máa wo fèrèsé. Wọ́n yẹ etí wò, kò sí nǹkan kan tó ṣe etí. Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e ó wá kí mi, mo gbé e jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo ní, "Àìná Àṣàkẹ́." Ó ní, "Mà." Mo ní kí ló dé tí kì í jẹ́ tíṣà lóhùn.

Ó ní, "Wọn ò pè mí. Ẹná ni wọ́n ń pè."